Odò Ọya: omi òkè Gínì tó kẹ̀yìn sí òkun kó tó padà wá bá a

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Odò Ọya kò gbàgbé orísun rẹ̀ rí. Àwa tí à ń mu omi rẹ̀, tí à ń pẹja nínú rẹ̀, tí à ń fi agbára rẹ̀ tan iná sílé, ni a máa ń gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀. Bí èèyàn bá dúró sórí afárá Jẹ́bà tàbí ti Oníṣà, tó wo bí omi náà ṣe fẹ̀ lọ salalu, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé odò Nàìjíríà nìyí. Kì í ṣe irọ́, nítorí pé ara Niger, orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe odò náà, ni wọ́n ti yọ orúkọ orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n kí omi náà tó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ó ti rin ìrìn tó sún mọ́ 3,000 kìlómítà. Àárín òkè ló ti ṣẹ̀ wá, etí aṣálẹ̀ ló gbà kọjá, ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ló sì ti kọ́kọ́ bomi rin.

Ìtàn odò náà la fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí, láti orí òkè tó ti ń sun títí dé ibi tó ti wọ òkun. A ó sì tún wo ìdí tí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè yẹn kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Gínì nìkan.

Orí òkè ló ti ń sun

Orísun Odò Ọya wà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Gínì, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ náà pẹ̀lú Sàró, níbi tí wọ́n ń pè ní Tembakounda. Òkè àti igbó ló yí ibẹ̀ ká. Gíga ibẹ̀ sí ìtẹ́jú òkun tó nǹkan bí 850 mítà. Omi tó ń sun níbẹ̀ kò ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá lọ. Ẹni tó bá rí i kò ní í gbà pé òun náà ló di alagbalúgbú omi tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà kọjá ní Lọ́kọ́ja.

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé òkun Àtìláńtíìkì kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Láti orísun náà dé etí òkun kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà lọ, bí ìgbà tí èèyàn bá ti Èkó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí odò náà bá ti dorí kọ ìwọ̀-oòrùn ni, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni ì bá rìn, tí òkun ì bá sì gbé e mì. Ṣùgbọ́n àwọn òkè dínà mọ́ ọn lápá ibẹ̀, ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ni omi ń gbà, nítorí náà ló ṣe kẹ̀yìn sí òkun, tó sì dorí kọ aṣálẹ̀. Gbogbo ìrìn rẹ̀ jẹ́ 4,180 kìlómítà kó tó wọ òkun náà gan-an tó ti kẹ̀yìn sí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, odò Náílì àti odò Kóńgò nìkan ló gùn jù ú lọ.

Kì í ṣe orísun kan ṣoṣo yìí ló ń bọ́ ọ. Tinkisso, Niandan, Milo àti Sankarani jẹ́ odò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti àárín òkè Gínì àti àgbègbè rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàn wọnú rẹ̀. Àwọn òkè Fouta Djallon, tí Tinkisso ti ń bọ̀, ni odò Gáńbíà ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ náà sì ni Bafing, tó jẹ́ orísun odò Sẹ̀nẹ̀gàl, ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń pe àwọn òkè ilẹ̀ Gínì ní ìkòkò omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ìkòkò bá fọ́ tàbí tó ń jò, gbogbo ilé ni òùngbẹ yóò gbẹ.

Odò kan, orúkọ púpọ̀

Kò sí ẹ̀yà tó ń gbé létí odò yìí tí kò ní orúkọ tirẹ̀ fún un. Àwọn ará Gínì àti Málì tó ń sọ èdè Maninka àti Bambara ń pè é ní Joliba. Isa Ber, tó túmọ̀ sí odò ńlá, ni àwọn Songhai ń pè é. Àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ ń pè é ní orúkọ tó túmọ̀ sí odò àwọn odò. Àwọn Tápà ń pè é ní Edu, Haúsá ń pè é ní Kwara, Ìgbò ń pè é ní Orimili, tó túmọ̀ sí omi ńlá, àwa sì ń pè é ní Ọya. Orúkọ tí Haúsá ń pè é yìí ni wọ́n fi sọ Ìpínlẹ̀ Kwárà.

Ní ti Niger, ọ̀pọ̀ ló rò pé èdè Látìn tó túmọ̀ sí dúdú ni, nítorí pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni odò náà gbà kọjá. Ṣùgbọ́n èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ni pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ láti inú èdè àwọn Bẹ́bà, ìyẹn àwọn ará àríwá Áfíríkà, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, kí àwọn òyìnbó sì ti yí i padà kó lè bá èdè tiwọn mu.

Bí ó ṣe ń rìn

Láti orí òkè, odò náà gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Faranah, Kouroussa àti Siguiri kọjá ní Gínì, kí ó tó wọ ilẹ̀ Málì. Bamako, olú ìlú Málì, wà létí rẹ̀, Ségou sì wà níwájú. Lẹ́yìn Ségou ni ohun àrà ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, odò náà sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, adágún àti àbàtà, láàárín ilẹ̀ gbígbẹ. Odò Bani náà sì wá darapọ̀ mọ́ ọn ní Mopti. Ní ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa ní Gínì, omi máa ń bo ilẹ̀ tó ju 20,000 kìlómítà níbùú àti lóròó níbẹ̀. Àwọn Bozo ń pẹja, àwọn Fúlàní ń da màlúù wá jẹko bí omi bá ti fà, àwọn àgbẹ̀ sì ń gbin ìrẹsì. Ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ mú ganrínganrín, apá ńlá nínú omi tó ti òkè wá ló sì ń gbẹ dànù sójú ọ̀run níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ìtòsí Timbuktu, tó fẹnu kan aṣálẹ̀ Sàhárà. Ibẹ̀ ni ó ti yí padà bí ọrun tí ọdẹ fà. Ó kọ́kọ́ lọ sí ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà ó dorí kọ gúúsù, ó gba Gao kọjá, ó sì wọ orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí Niamey, olú ìlú wọn, wà létí rẹ̀. Èrò àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni pé odò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n láyé àtijọ́. Ọ̀kan ń ti òkè Gínì wá, ó ń parí sínú adágún kan ní Sàhárà. Èkejì ń ṣàn lọ sínú òkun ní gúúsù. Bí Sàhárà ṣe ń gbẹ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn méjèèjì papọ̀ di ọ̀kan.

Lẹ́yìn Niamey, odò náà di ààlà láàárín orílẹ̀-èdè Niger àti Olómìnira Benin, kí ó tó wọ Nàìjíríà. Ó gba Yauri, Kainji àti Jẹ́bà, odò Kàdúná sì wọnú rẹ̀. Ní Lọ́kọ́ja ni ó ti pàdé Bẹ́núè, odò tó rin nǹkan bí 1,400 kìlómítà wá láti òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ, wọ́n gba Idah, Oníṣà àti Àsàbà kọjá, kí wọ́n tó pín sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka nínú igbó ẹrẹ̀ Niger Delta. Nun àti Forcados ló tóbi jù nínú àwọn ẹ̀ka tó gbé omi náà dé òkun.

Omi funfun àti omi dúdú

Àwọn apẹja àti àwọn onímọ̀ nípa omi ní apá àríwá Nàìjíríà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni odò náà ń kún lọ́dún níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni omi funfun, tó máa ń dé láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Òjò tó rọ̀ nítòsí ló ń mú un wá, láti inú odò Sokoto àti àwọn odò bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni omi dúdú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń dé, láti nǹkan bí oṣù kìíní ọdún, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tipẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí ọyẹ́ ń mú. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn odò yóò béèrè pé níbo ni omi yìí ti wá. Òjò tó rọ̀ lórí òkè Gínì láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá ọdún tó kọjá ni. Ó ti rìn gba Málì, ó ti falẹ̀ nínú àbàtà ibẹ̀, ó ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wá mọ́ lóló débi pé ó dúdú lójú ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà, bí òjò òkè Gínì bá kùnà lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀ ni a ó mọ̀ ọ́n lára ní Nàìjíríà. Kò sí ẹ̀rí tó ju èyí lọ pé okùn kan náà ló so òkè ọ̀hún àti ilẹ̀ wa pọ̀.

Àwọn ìjọba tó gbé odò náà jẹun

Kí òyìnbó tó mọ̀ pé odò yìí wà ni àwọn ènìyàn dúdú ti fi kọ́ ìlú ńláńlá. Jenné-jeno, tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde nítòsí ìlú Djenné ní Málì, ti wà láti nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù. Góòlù Bouré, tó wà nítòsí ibi tí Tinkisso ti pàdé odò ńlá náà, wà lára ohun tó sọ ìjọba Málì di ọlọ́rọ̀. Ọlá góòlù yìí ni Mansa Musa gbé lọ sí Mẹ́kà ní 1324, tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé ilẹ̀ Íjíbítì àti Yúróòpù.

Lẹ́yìn Málì ni Songhai gòkè, tí Gao, etí odò, jẹ́ olú ìlú wọn. Sonni Ali lo ọkọ̀ ojú omi láti fi jagun ní gbogbo etí odò náà títí ó fi kú ní 1492. Askia Muhammad gba ìjọba ní 1493, ó sì sọ Timbuktu di ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wọ́ lọ. Ní 1591 ni àwọn ọmọ ogun Mòrókò la Sàhárà kọjá pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì ṣẹ́gun Songhai ní Tondibi, nítòsí Gao. Wọ́n kó àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà ní ìgbèkùn lọ sí Marrakech, Ahmed Baba sì wà lára wọn.

Àdììtú tó gbẹ̀mí púpọ̀

Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn ará òde kò mọ ibi tí odò yìí ń lọ. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, rí i ní 1352, ó sì rò pé Náílì ni. Leo Africanus kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ìwọ̀-oòrùn ló ń ṣàn sí. Ìgbà tí Mungo Park, dókítà ará Skọ́tílándì, dé Ségou ní oṣù keje 1796 ni òyìnbó kọ́kọ́ fi ojú rí i, tó sì jẹ́rìí pé ìlà-oòrùn ló dorí kọ. Park padà wá ní 1805 láti tọ odò náà dé òpin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá ni àìsàn pa. Òun àti àwọn ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù wọ ọkọ̀, wọ́n sì kú ní Bùsà ní 1806, níbi tí omi ti ń ru gùdù láàárín àpáta.

Òkè tí odò náà ti wá ló tú apá kan nínú àdììtú ọ̀hún. Ní 1822, Gordon Laing, tó gba Sàró wá, wọn gíga ilẹ̀ àgbègbè orísun náà láti òkèèrè, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kó dé ìdí rẹ̀. Ohun tó rí mú kó sọ pé odò tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kò lè rìn dé Náílì. Ó di 1879 kí Zweifel àti Moustier, tí ilé iṣẹ́ oníṣòwò Faransé kan rán níṣẹ́, tó tọ́ka ibi tí orísun náà wà.

Ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀nà ìdáhùn tó kù gbà. Richard Lander, ẹni tó ti bá ọ̀gá rẹ̀ Clapperton kọjá ní ilẹ̀ wa ṣáájú, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John ní oṣù kẹta 1830. Wọ́n gba Ọ̀yọ́-Ilé kọjá lọ sí Bùsà, wọ́n sì wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Wọ́n mú wọn lẹ́rú lójú ọ̀nà, wọ́n gbé wọn lọ sí Aboh, kí ọba oníṣòwò kan láti Brass tó rà wọ́n padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni wọ́n já sí òkun. Ìgbà náà ni ayé tó mọ̀ pé àwọn ẹnu odò tí àwọn oníṣòwò ti ń ra epo pupa lọ́jọ́ tó pẹ́, ẹnu odò Niger náà ni.

Ibà wá di ọ̀tá tó kù. Nínú òyìnbó 48 tó bá Macgregor Laird wọ odò náà ní 1832, mẹ́sàn-án péré ló padà sílé. Ìrìn àjò ti 1841 náà gba ẹ̀mí òyìnbó tó lé ní 40. Nígbà tó di 1854, dókítà Baikie fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kú nínú wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún oníṣòwò, oníwàásù àti ológun.

Ọya àti ọmọ Yorùbá

Ní tiwa, kì í ṣe omi lásán ni Ọya. Aya Ṣàngó ni, òrìṣà tó ni ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ àti ìjì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Ṣàngó wàjà, Ọya náà wọlẹ̀ ní ìlú Irá, ó sì di odò. Àwọn kan ń pè é ní Ìyá mẹ́sàn-án, orúkọ tí wọ́n so mọ́ ọmọ mẹ́sàn-án tó bí, tí àwọn mìíràn sì so mọ́ ẹ̀ka odò náà. Orúkọ yìí bá àwọn ẹrú ọmọ Yorùbá kọjá òkun. Ní Brazil, Iansã ni wọ́n ń pè é títí di òní, ní Cuba náà wọn kò gbàgbé Oyá. Àwọn tí kò fojú kan odò náà rí ń bọ ọ́ níbẹ̀.

Nínú ìtàn ìjọba wa pẹ̀lú, odò náà ni ààlà àwa àti Tápà. Àwọn ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Tápà ni ìyá Ṣàngó. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Tápà kógun la odò kọjá, wọ́n sì lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, kí àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ tó tẹ ìlú Ìgbòho dó.

Ọmọ Yorùbá kan náà ló sì kó ipa tó tóbi jù nínú iṣẹ́ ìwàásù lórí odò náà. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ ní Sàró, wà nínú ìrìn àjò 1841, ti 1854 àti ti 1857. Ọdún 1857 yìí ni wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ ní Oníṣà. Ọdún yìí kan náà ni ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Glover, tó padà wá di gómìnà ní Èkó, ló fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Èkó láti wá ohun èlò fún àwọn tó há síbẹ̀. Ní 1864 ni Crowther di bíṣọ́ọ̀bù.

Láti ọwọ́ oníṣòwò dé orúkọ Nàìjíríà

Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ George Goldie, tó di Royal Niger Company, ní àṣẹ láti máa ṣe ìjọba létí odò náà. Ilé iṣẹ́ náà dí odò mọ́ àwọn oníṣòwò tó ti ń ná an láti ọjọ́ àwọn baba wọn. Ebi àti ìbínú ló mú kí àwọn ará Brass, lábẹ́ ọba wọn Koko, kọlu ibùdó ilé iṣẹ́ náà ní Akassa ní oṣù kìíní 1895. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ̀san, wọ́n ba ìlú wọn jẹ́.

Ní oṣù kìíní 1897 ni Flora Shaw dá orúkọ Nigeria lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n san 865,000 pọ́n-ùn fún un, Lugard sì gbé àsíá sókè ní Lọ́kọ́ja. Rélùwéè tó ti Èkó wá dé Jẹ́bà ní 1909. Afárá Oníṣà sí Àsàbà parí ní 1965, ogun abẹ́lé ba apá kan rẹ̀ jẹ́ láìpẹ́ ọjọ́, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ogun. Wọ́n ṣí afárá kejì níbẹ̀ ní 2023.

Iná láti inú omi

Ní 1968 ni wọ́n parí ìdídò Kainji, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó tóbi ní Nàìjíríà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè pèsè iná mànàmáná tó tó 760 mẹ́gáwáàtì. Adágún tí ìdídò náà dá sílẹ̀ lé àwọn ènìyàn tó tó 44,000 kúrò nílé. Bùsà àtijọ́ àti àpáta tí Mungo Park kú sí wà nísàlẹ̀ omi náà báyìí, Bùsà Tuntun ni wọ́n kọ́ fún àwọn ará ibẹ̀. Ìdídò Jẹ́bà tẹ̀ lé e ní 1985. Omi tí Kainji bá tú sílẹ̀ ló ń gbà lò.

Lókè odò, Faransé kọ́ ìdídò Markala ní Málì, tó parí ní 1947, fún oko ìrẹsì àti òwú. Àwọn ará Málì tún kọ́ ti Sélingué sórí Sankarani. Orílẹ̀-èdè Niger ń kọ́ ti Kandadji lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí Gínì náà ti ń gbèrò láti kọ́ ìdídò ní Fomi, lórí Niandan. Àwọn tó fẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ iná àti oko. Àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ń sọ pé bí wọ́n bá sé omi òkè, àbàtà Málì yóò súnkì, apẹja àti darandaran yóò sì padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Bí ó bá gbẹ, bí ó bá kún

Èèyàn kò gbọ́dọ̀ rò pé odò tó tóbi báyìí kò lè gbẹ. Ọ̀dá tó mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 fi hàn pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 1985, odò náà dáwọ́ ṣíṣàn dúró fún ọjọ́ mélòó kan ní Niamey. Ẹ̀rọ Kainji náà jìyà àìtó omi láwọn ọdún yẹn.

Ìkún rẹ̀ sì tún lágbára. Ní 2012, omíyalé tó ti odò Ọya àti Bẹ́núè wá pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ kúrò nílé. Ní 2022 ó tún ṣẹlẹ̀, àwọn tó kú lé ní 600, àwọn tó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan. Lọ́kọ́ja wà lára ibi tí omi bò lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 2020, Niamey náà rí ìkún omi tó fọ́ odi tí wọ́n mọ létí odò. Ìdídò Lagdo, tí Kamẹrúùnù parí ní 1982 lórí Bẹ́núè, ló sábà máa ń wà lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà irú èyí. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà náà ti pinnu láti kọ́ ìdídò Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa láti gba omi Lagdo sílẹ̀, kò sì parí rẹ̀.

Lórí òkè fúnra rẹ̀, igbó ń run. Àwọn ènìyàn ń gé igi fún èédú, wọ́n ń jó igbó fún oko, wọ́n sì ń wa góòlù nínú odò ní àgbègbè Siguiri. Ibi tí igi kò bá sí, òjò máa ń fọ ilẹ̀ lọ sínú odò. Ẹrẹ̀ yóò dí odò, omi yóò yára kún, yóò sì tún yára gbẹ.

Ta ló ni odò?

Ní 1964 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní agbègbè odò náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa jọ bójú tó o. Ní 1980, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Faranah, ní Gínì, ó di Àjọ Agbègbè Odò Niger, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Niamey. Orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀: Gínì, Málì, Niger, Benin, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Chad, Burkina Faso àti Côte d'Ivoire. Ní 2008 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí omi náà. Ó wà nínú àdéhùn yìí pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó lè dí omi lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn yòókù ṣáájú.

Àdéhùn dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìmúṣẹ rẹ̀ ló nira. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Málì ní 2012 ti sọ ọ̀pọ̀ apá etí odò náà di ibi eléwu. Nàìjíríà ló wà nísàlẹ̀, òun náà ló sì ní ènìyàn púpọ̀ jù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò kì í fi agbára bá ẹni tó wà lókè sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n àti àjọṣe ló kù fún un. Owó tí a bá fi ran Gínì lọ́wọ́ láti gbin igi sórí òkè rẹ̀ kì í ṣe ọrẹ àánú, owó iná tiwa ni a ń san. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ tó jẹ́ tiwa: ká kọ́ ìdídò tí a pa tì, ká má sì fi ojú ọ̀nà omi kọ́ ilé.

Ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, omi dúdú yóò tún dé Kainji. Òjò tó ń rọ̀ sórí òkè Gínì lọ́dún yìí ni yóò sọ bí yóò ṣe pọ̀ tó.